Páìpù Kan fún Fèrèsé Mẹ́rin

Ilé tí àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí n'Íbàdàn ní fèrèsé mẹ́rin, kò sì sí irin kọ́tìnnì lójú ìkankan. Ó ti ra aṣọ ní Gbági, aṣọ tó nípọn dáadáa. Ìgbà tó gbọ́ iye tí wọ́n ń ta irin kọ́tìnnì, ó ní owó òun kò ká a. Bí a ṣe mú kápẹ́ńtà dání lọ s'Ógùnpa nìyẹn, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù.

Páìpù oníke tí àwọn oníná máa ń rì mọ́ ògiri ni àǹtí mi kọ́kọ́ mú, torí ó pọ́ọ́kú. Kápẹ́ńtà gbà á, ó di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ó tẹ̀ ẹ́. Ike náà tẹ̀ bí ọrun.

"Màámi, aṣọ yín wúwo. Èyí ò ní í pẹ́ sọ̀ láàárín. Ẹ jẹ́ ká ra onírin."

Òótọ́ ló sọ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú fèrèsé ilé ìwẹ̀ nìkan ni ike lè gbé.

Mítà 6 ni gígùn páìpù onírin tí a rà, ààbọ̀ íńṣì ni wọ́n sì ń pè é. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120. Irin gbọ́dọ̀ fi 15 kọjá rẹ̀ lọ́tùn-ún, kó fi 15 kọjá lósì, kí aṣọ lè rí ibi kó jọ sí tí a bá fà á, kí atẹ́gùn sì ráyè wọlé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150. Páìpù kan, irin mẹ́rin! Inú àǹtí mi dùn débi pé ó fúnra rẹ̀ di orí kan mú nígbà tí ayùn ń gé e.

Ààbọ̀ íńṣì yẹn kì í ṣe ìwọ̀n ìta páìpù. Ìta rẹ̀ tó mìlímítà 21. Ẹ mú ègé rẹ̀ dání tẹ́ ẹ bá ń lọ ra ìkọ́ tó máa gbé irin mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ sì kì í bọ ojú ihò kọ́tìnnì yín wò.

Nílé, kápẹ́ńtà fi fáìlì pa ẹnu irin kó má baà ya aṣọ, ó fi sáńpépà ha á, ó fi tínà nu ọ̀rá ara rẹ̀, ó wá kùn ún lọ́dà dúdú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fo ọ̀dà o. Ìpatà tó bá ti mọ́ aṣọ funfun lára, ọṣẹ kì í bọ́ ọ.

Ògiri ló le jù. Kọ́ńkéré ló wà lókè fèrèsé, ìṣó lásán ò wọ̀ ọ́. Àfi ẹ̀rọ tó ń lu ògiri bó ṣe ń yí. Kápẹ́ńtà kọ́kọ́ wo ibi tí súwíìṣì wà, torí wáyà máa ń gba inú ògiri lókè rẹ̀ kọjá. Ó lu ihò mìlímítà 8, ó ki físà, ike tó máa ń di súkúrúù mú nínú ihò, bọ̀ ọ́, ó sì fi súkúrúù de ìkọ́ mọ́ ọn.

Aṣọ Gbági ti wà lójú fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí, irin kankan ò sì tẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ilé ni, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó lu ògiri. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó lọ, ẹ fi símẹ́ǹtì dí ihò, kẹ́ ẹ sì kó irin yín dání.