OBÌNRIN NÍNÚ IṢẸ́ ÌJỌ ỌLỌ́RUN

Ní Èjìgbò àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, iṣẹ́ ìjọ kò lè rìn láìsí àwọn obìnrin. Àwọn ni ń tọ́jú ilé Ọlọ́run, tí ń bẹ aláìsàn wò, tí ń mú owó epo àti gàrí wá síbi ìkórè. A sì ń fi wọ́n jẹ oyè Ìyá Ìjọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan pẹpẹ, iyàn a bẹ̀rẹ̀: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gbé ọwọ́ lé obìnrin fún iṣẹ́ àlùfáà?

Àwọn tí ó kọ̀ tọ́ka sí Ìwé Kìn-ín-ní sí Tímótíù, orí kejì, níbi tí Pọ́ọ̀lù kò ti fún obìnrin láyè láti máa kọ́ni. Àwọn tí ó gbà rántí Dèbórà tí ó ṣe ìdájọ́ Ísírẹ́lì, àti Prìsílà tí òun pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ kọ́ Àpólò.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, rí ìran ní Èkó. Mósè Orímọládé wá gbàdúrà fún un, láti ibẹ̀ sì ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1927 Abíọ́dún kó ẹgbẹ́ oníwàásù jáde lọ sí àwọn ìlú Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ipò olórí, ìjà dé, òun àti Orímọládé sì pínyà ní 1929.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Haruna ti Kwara fi obìnrin mẹ́ta jẹ díákónì nínú Ìjọ Áńgílíkà. Kò pẹ́ tí Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Adétilóyè fi kéde pé oyè náà kò múlẹ̀, nítorí Ìjọ Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí irú rẹ̀. Ọ̀nà ti Onítẹ̀bọmi yàtọ̀: Ẹgbẹ́ Obìnrin wọn ti wà láti 1919, obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Èjìgbò, a sì ti gbé ọwọ́ lé àwọn kan nínú wọn.

Àwọn àgbà wí pé bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Kí àwọn alàgbà ìjọ rò ó wò: bí a bá fi ẹrù lé obìnrin lórí, tí a kò fún un ní ẹ̀kọ́, tí a kò sì fún un ní ohùn nínú ìgbìmọ̀, iṣẹ́ ni yóò jìyà. Ìjọ tí òfin rẹ̀ kò tíì gba obìnrin sí pẹpẹ pàápàá lè fún un ní àyè nínú ìgbìmọ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá sì fi ẹ̀bùn ìwàásù hàn, kí a rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bí a ti ń rán ọmọkùnrin. Àgbẹ̀ tí ó ní irúgbìn rere kì í fi í sílẹ̀ nínú àká títí kòkòrò yóò fi jẹ ẹ́ tán.