Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ níwájú ilé Ọ́nárébù: Owó ọjọ́ Sátidé ni aráàlú ń dù, wọn ò bèèrè iṣẹ́ ọjọ́ Túsìdeé

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Sátidé, àwọn èèyàn yóò ti máa tò síwájú géètì ilé àwọn aṣojú-ṣòfin káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ti gbọ́ pé Ọ́nárébù ti Àbújá dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Fúráìdeé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹlòmíì ṣáájú òun wọlé. Ìyá àgbà tó mú ìwé ọsibítù lọ́wọ́ á wà níbẹ̀, ọmọ poli tí kò rówó ilé ìwé san náà á wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ní àwọn làwọn sáré kiri fún un lásìkò ìbò náà ò ní í gbẹ́yìn. Bó bá ti yọjú báyìí, ariwo kan náà ni gbogbo wọn yóò pa: "Ọ́nárébù, ẹ gbà wá o!"

Ó pẹ́ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń wọ́ lọ sílé àwọn olóṣèlú, ṣùgbọ́n ti àsìkò yìí ti kọjá ìkómọ àti ìsìnkú. Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbọ̀pá àṣẹ, tó sì kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, ni nǹkan yí padà. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń ta lítà rẹ̀ ní owó tí kò tó N200 nílé epo ìjọba di N488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún náà, ó ti lé ní N600 l'Ábùújá. Kí wọ́n tó mí sí i, báńkì àgbà ilẹ̀ wa tún tú náírà sílẹ̀ nínú oṣù kẹfà, kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ́jà. Nínú oṣù kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó iná mọ̀nàmọ́ná gbé owó iná àwọn tó wà ní Báńdì A láti iye tí kò tó N70 lọ sí N225 lórí yúníìtì kan. Gbogbo ẹrù wọ̀nyí ni aráàlú ń dì lọ síwájú géètì Ọ́nárébù ní Sátidé.

Kí ni Ọ́nárébù náà lè ṣe sí i? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dìbò fún un kò sí nínú ilé rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Túsìdeé, Ọjọ́rú, Wẹ́sìdeé, àti Ọjọ́bọ, Tọ́sìdeé, nilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin máa ń jókòó l'Ábùújá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ka àbá òfin, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ìṣúná ìjọba wò, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pe àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe náwó. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ọjọ́ tí wọ́n máa fi jókòó lọ́dún kò gbọdọ̀ dín sí 181. Àwọn 360 ló wà nílé náà, 71 péré ló sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá: Èkó ní 24, Ọ̀yọ́ ní 14, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Òndó ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, Èkìtì ní mẹ́fà. Ìyẹn ni pé ohùn ẹyọ kan ni ti Ọ́nárébù kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí àwọn tó máa tì í lẹ́yìn, òun nìkan kò lè dá ohunkóhun ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ owó iná wò. Ní ọdún 2024 náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fẹnu kò pé kí NERC dá ẹ̀kúnwó Báńdì A dúró. Ariwo sọ, àwọn èèyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n NERC kò dá a dúró. Lóòótọ́, wọ́n gé díẹ̀ kúrò lórí N225 nínú oṣù karùn-ún, ó di N206.80, síbẹ̀ ẹ̀kúnwó dúró síbi tó wà. Ìdí ni pé ìpinnu táwọn aṣòfin bá ṣe nínú ilé kì í ṣe òfin, ìmọ̀ràn lásán ni. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Àyàfi bí wọ́n bá sọ ọ́ di àbá òfin, kí ilé méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ààrẹ náà sì buwọ́ lù ú, ló tó máa de ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Òfin tí Tinúbú kọ́kọ́ buwọ́ lù nínú oṣù kẹfà, ọdún 2023, ní ọmọ tí owó tó ń wọlé fún òun tàbí ìdílé rẹ̀ bá lé ní N500,000 lọ́dún kò lè rí owó náà yá, ó sì gbọ́dọ̀ wá àwọn oníduuro. Níbo lọmọ tálákà ti fẹ́ rí àwọn èèyàn ńlá tó máa dúró fún un? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, òfin náà kò sì rẹ́sẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tó yá, ààrẹ gbé àbá mìíràn wá, àwọn aṣòfin yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yọ àwọn ìdènà náà kúrò, òfin tuntun sì jáde lọ́jọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 2024. Wọ́n fi owó jíjẹ mímu kún owó ilé ìwé, owó náà kò ní èlé, ẹni tó yá a kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ sí í san án àfi tó bá di ọdún méjì tó parí àgùnbánirọ̀. Lóṣù karùn-ún ni wọ́n ṣí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún ilé ìwé ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e lóṣù kẹfà.

Ṣé ẹ rí i? N20,000 tí Ọ́nárébù bá kì bọ ọmọ kan lọ́wọ́ ní Sátidé, ọmọ ẹyọ kan náà ló mọ̀ ọ́n. Òfin tí wọ́n tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ l'Ábùújá, gbogbo ọmọ poli àti yunifásítì ìjọba ló kàn.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dá aráàlú lẹ́bi pé wọ́n ń lọ gba tiwọn ní Sátidé. Nínú oṣù keje, ọdún 2023, tí ebi ń pa mẹ̀kúnnù, N70 bílíọ̀nù làwọn aṣòfin ya sọ́tọ̀ fún ara wọn nínú àtúnṣe ìṣúná. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Godswill Akpabio tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fẹnu ara rẹ̀ sọ lójútáyé pé wọ́n ti fi nǹkan ránṣẹ́ sáwọn sẹ́nétọ̀ láti fi gbádùn ìsinmi wọn. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́, ó yára yí i sí àdúrà. Ní 2024, àjọ tó ń ṣètò owó oṣù wọn ní N1,063,860 ni sẹ́nétọ̀ kan ń gbà lóṣù, ṣùgbọ́n Sẹ́nétọ̀ Kawu Sumaila láti Kano ní àròpọ̀ ohun tó ń wọlé fóun pẹ̀lú owó ìṣàkóso ọ́fíìsì ń lọ sí bíi N21 mílíọ̀nù. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù kúrò ní N30,000 sí N70,000. Ẹni tó bá gbọ́ èyí, ṣé kò ní í lọ dúró ní géètì?

Ohun mìíràn tún ni pé àwọn tó ń tò síbẹ̀ kì í mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ làwọn wà. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná tí wọ́n ṣe ní 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa bójú tó iná tirẹ̀, NERC sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agbára náà fún Èkìtì, Òndó, Ọ̀yọ́ àti Èkó. Aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ̀rọ̀ iná ìlú wọ̀nyẹn tún wá kàn báyìí. Ọjà àti kòtò ìdọ̀tí, ti káńsù ni.

Èyí tó jẹ́ ti Ọ́nárébù gan-an ni iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn rẹ̀, bíi kànga ẹ̀rọ, kíláàsì àti iná òpópónà. Òun ló máa ń dárúkọ iṣẹ́ náà, ilé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì ń kó owó rẹ̀ fún. Láti 2019 ni ICPC ti ń tọpasẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti mọ èyí tí wọ́n ṣe àti èyí tí wọ́n pa tì. Ó yẹ káwọn tó wà ní géètì mọ iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún àdúgbò wọn. Bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, bí ẹni tí wọn ò san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó lè kọ ìwé ẹ̀sùn, kó fún Ọ́nárébù kó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú. Ìgbìmọ̀ náà lè pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn wá dáhùn.

Àwọn kan á ní ká kúkú pè é padà sílé. Òfin gbà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ tó máa buwọ́ lùwé. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ lórí Dino Melaye ní Kogi lọ́dún 2018. Àwọn 189,870 ni wọ́n ní wọ́n buwọ́ lùwé, àwọn 18,742 péré ni INEC rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ máa gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ Ọ́nárébù ní Sátidé bí ebi bá ń pa yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó sọ nílé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeé tó kọjá. Bí kò bá ní èsì, ẹ fi sọ́kàn dọjọ́ ìbò.