Ta Ló Ń Ké Lójú Ọ̀run? Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ẹni Tó Ni X-Ray Tó Ń Bọ̀ Látòkè

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ná ọjà Òfìkì, ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti bíríkìlà, ẹ dákun, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó gaàrí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọmọ bá jábọ́ lórí igi máńgòrò, tí dókítà ní kó lọ ya X-ray, owó gidi la máa ń san kí wọ́n tó bá wa wo eegun rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé irú X-ray yẹn kan náà ń tú jáde lójú ọ̀run tọ̀sán-tòru, tẹ́nikẹ́ni ò san kọ́bọ̀? Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn onímọ̀ ti ń kọ ibi tó ti ń jáde sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kan Áfíríkà, ó sì kan Nàìjíríà wa níbí.

Ẹ má bẹ̀rù o. Kò lè dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ tó bo ayé ń dí i lọ́nà. Bí wọ́n bá gbé awò tó lágbára jù lọ gun orí òkè Àdó-Àwáyè, kò ní rí nǹkan kan. Àfi kí ẹ̀rọ gbéra kọjá afẹ́fẹ́.

Ohun tí Riccardo Giacconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nìyẹn ní oṣù Kẹfà ọdún 1962. Wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, kò sì lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 lọ lókè afẹ́fẹ́. Òṣùpá ni wọ́n ní àwọn fẹ́ wò, àmọ́ ibòmíràn ni X-ray ti ń bú jáde, níhà àwọn ìràwọ̀ tí òyìnbó ń pè ní Àkekèé. Wọ́n sọ ọ́ ní Sco X-1. Sco dúró fún Àkekèé, X fún X-ray, 1 fún àkọ́kọ́. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe orúkọ nìyẹn. Ó dà bí kí ìyá ọlọ́jà kọ gbèsè sílẹ̀ pé "obìnrin ìsọ̀ kẹta, ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́lùbọ́." Ó mọ ìsọ̀, kò mọ onígbèsè.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ já wálẹ̀. Ni wọ́n bá ṣe sátẹ́láìtì tó jẹ́ pé iṣẹ́ X-ray ojú ọ̀run nìkan ni wọ́n rán an, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láyé. Níbo ló ti gbéra? Áfíríkà ni! Etíkun Kẹ́ńyà ni, lórí pèpéle táwọn ará Ítálì kọ́ sójú òkun, lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1970. Ọjọ́ yẹn gan-an ni òmìnira Kẹ́ńyà pé ọdún 7, wọ́n bá sọ ẹ̀rọ náà ní Uhuru, tó túmọ̀ sí Òmìnira lédè Swahili. Obìnrin ló sì ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà ní NASA, Marjorie Townsend lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìwé àkọsílẹ̀ Uhuru kẹrin jáde lọ́dún 1978, ibi 339 ló wà nínú ẹ̀.

Àmọ́ kíkọ sílẹ̀ ọ̀tọ̀, mímọ ẹni tó ni ín ọ̀tọ̀. Bí ọmọ bá ń ké lóru, ẹ lè mọ agbo ilé tí igbe ti ń wá, ṣùgbọ́n yàrá ta ni? Lójú ọ̀run, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ ló lè wà nínú agbo ilé kan ṣoṣo.

Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá lọ́dún 1964. Òṣùpá fẹ́ kọjá níwájú ìkùukùu kan tí wọ́n ń pè ní Akàn, èyí tó jẹ́ àfọ́kù ìràwọ̀ táwọn ará Ṣáínà rí lọ́sàn-án gangan lọ́dún 1054. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà yin rọ́kẹ́ẹ̀tì lásìkò yẹn gẹ́lẹ́. Ó dà bí kéèyàn máa ti ilẹ̀kùn yàrá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa tẹ́tí sí ìgbà tí igbe máa dákẹ́. Bí òṣùpá ṣe ń bo Akàn ni X-ray ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n mú un! Akàn ló ń ké, igbe náà sì fẹ̀, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo ló ti ń wá.

Ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti wọ̀ ọ́ nìyí. Lọ́dún 1965, Samuel Okoye, ọmọ Ìgbò tó wà ní Cambridge nílùú òyìnbó, àti ọ̀gá rẹ̀ Antony Hewish, fi ẹ̀rọ tó ń gba ìró rédíò láti ojú ọ̀run rí i pé nǹkan kékeré kan sá pamọ́ sínú Akàn. Lọ́dún 1968, aṣírí tú: òkú ìràwọ̀ ni, ó ń yí bí òòyì ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Lọ́dún 1969, wọ́n rí i pé X-ray náà ń lù bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Okoye padà wálé, ó sì dá ibùdó ìwádìí ojú òfuurufú sílẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka lọ́dún 1972. Ó di olóògbé lọ́dún 2009.

Lónìí ńkọ́? Lọ́jọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ará Jámánì gbé ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wọn, eROSITA, jáde. Ibi tó wà nínú ẹ̀ lé ní 900,000, ìdajì ojú ọ̀run nìkan sì ni wọ́n kà, fún oṣù 6 péré. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ihò dúdú ràgàjì, ọ̀nà jíjìn réré, tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá bá kó sí nínú tí kò lè jáde mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ fi wọ́n wé ìwé àkọsílẹ̀ mìíràn, àmọ́ èèyàn ló máa tẹjú mọ́ èyí tó bá ta kókó.

Ẹnìkan á ní, kí ló kàn wá l'Òfìkì? Ó kàn wá o. Àwọn ìwé yìí kò sí nínú àpótí tí wọ́n tì pa. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá mọ ìṣirò àti fisíìsì lè ṣí wọn. Orúkọ Áfíríkà wà lára sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ ni Okoye ṣe. Torí náà, ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọbìnrin yín bá ní fisíìsì lòun fẹ́ kà, ẹ má sọ pé kó jókòó ti àtẹ. Àìmọye ló ṣì ń ké lókè yẹn tẹ́nikẹ́ni ò tíì mọ yàrá wọn.

Kí ni ẹ̀yin rí sí i? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa.