Ìṣirò Ohun tí ó ti Jáde: Tẹ́tẹ́ Ọ̀mì nínú Baccarat àti Lọ́tò Bàbá Ìjẹ̀bú

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú bébà yìí ni èrò kan tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń ta lọ́tò ní Abẹ́òkúta, láti Ìtòkú dé Láfẹ́nwá, pé ẹni tí ó bá ń kọ nọ́ńbà tí ó ti jáde sílẹ̀ yóò mọ èyí tí ó kù tí yóò jáde. Kì í ṣe èrò aláìmọ̀kan lásán. Tẹ́tẹ́ kan wà tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti wúlò fún rí. Nítorí náà, kí a tó dá àwọn tí ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé lẹ́bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ìṣirò yìí ti ń ṣiṣẹ́ àti ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdì àdìrẹ kan ní ọjà Ìtòkú. Aṣọ mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀: ẹlẹ́kọ mẹ́rin, oníko mẹ́fà. Bí a bá di ojú oníbàárà kan kí ó fa ọ̀kan yọ, ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni a lè retí pé ẹlẹ́kọ ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí oníko márùn-ún bá ti tà, aṣọ márùn-ún péré ni ó kù, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ẹlẹ́kọ. Ìyá tí ó ni ìsọ̀ kò ní láti tú ìdì kí ó tó mọ èyí. Ó rántí ohun tí ó tà. Ṣùgbọ́n ká ní bí ó ti ń ta ọ̀kan ni ọmọ rẹ̀ ń fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò, mẹ́rin nínú mẹ́wàá náà ni yóò máa jẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìrántí ìyá kò sì ní í wúlò fún nǹkan kan.

Irú ìdì àkọ́kọ́ ni àpótí káàdì baccarat jẹ́. Tẹ́tẹ́ àwọn olówó ni, Macau ní ilẹ̀ Ṣáínà sì ni ó ti gbilẹ̀ jù. Páálí káàdì mẹ́jọ, tí ó jẹ́ káàdì 416, ni wọ́n ń pò pọ̀. Apá méjì ni wọ́n ń pín káàdì fún, méjì méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Káàdì mẹ́wàá àti àwọn tí ó ní àwòrán ènìyàn jẹ́ òdo. Bí àròpọ̀ bá sì ju mẹ́sàn-án lọ, wọn a yọ mẹ́wàá tàbí ogún kúrò. Apá tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó jẹ. Ènìyàn lè ta á pé apá kan ni yóò jẹ, ó sì lè ta á pé ọ̀mì ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ púùlù mọ ohun tí wíwá ọ̀mì kiri túmọ̀ sí.

Náírà 8 lórí náírà kan ni ilé tẹ́tẹ́ sábà máa ń san fún ọ̀mì. Nígbà tí àpótí ṣì kún, ìgbà 9.52 nínú 100 ni ọ̀mì ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nínú 100 náírà tí ènìyàn bá fi ta á, 14.36 ni yóò máa bá ilé tẹ́tẹ́ lọ. Kí tẹ́tẹ́ yìí tó lè gbe atatẹ́tẹ́, ọ̀mì ní láti ju ìgbà kan nínú mẹ́sàn-án lọ, èyíinì ni 11.11 nínú 100. Níbí ni ìrántí ti wúlò. Bí àwọn káàdì tí ó ní iye bá ti jáde tó, tí ó jẹ́ pé káàdì òdo ni ó pọ̀ nínú ìyókù, ọ̀mì yóò máa súnmọ́ tòsí. Bí òdo nìkan bá kù, kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣẹlẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Edward Thorp, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ kíkà káàdì di mímọ̀ nínú ìwé tí ó kọ lórí blackjack ní 1962. Ní 1966, òun àti William Walden tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí tẹ́tẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan nínú baccarat ìpínlẹ̀ Nevada, èyí tí a ń ta pé káàdì méjì àkọ́kọ́ yóò jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Wọ́n fi hàn pé ẹni tí ń ka káàdì lè jẹ ilé tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ọrọ̀ ọ̀fẹ́ ni èyí o. Wọn kì í pín káàdì tán. Ẹ̀yìn àpótí, níbi tí àyè rere ìbá ti pọ̀ jù, ni wọ́n ti ń dá eré dúró.

Irú ìdì kejì ni lọ́tò. Premier Lotto, tí Olóyè Kessington Adébùtú ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ dá sílẹ̀, ni gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú. Márùn-ún ni wọ́n ń fà nínú nọ́ńbà 90. Lóòótọ́, nọ́ńbà tí ó bá ti jáde kò tún lè jáde nínú fífà kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a ń gbà láyè láti ta láàrin rẹ̀. Kí wọ́n sì tó fa òmíràn, gbogbo àádọ́rùn-ún ti padà sílé. Síbẹ̀, àwọn tí ń ta á a máa wá nọ́ńbà tí ó ti pẹ́ tí kò jáde, wọn a sọ ọ́ di bánkà; wọn a fi 45 kún un, wọn a yí 12 padà sí 21. Lójú wọn, nọ́ńbà tí ó pẹ́ dà bí onígbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Ṣùgbọ́n kí ni pípẹ́ yìí? Ìgbà kan nínú 18 ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń jáde. Bí a bá fa lọ́tò nígbà 30, nǹkan bí nọ́ńbà 16 nínú 90 ni a lè retí pé kì yóò yọjú rárá. Ìwé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ ọ́ kò lè ṣe kí ó má kún fún nọ́ńbà tí ó pẹ́.

Iye tí èyí ń ná ènìyàn kò sì kéré. Ọ̀nà 4005 ni a lè gbà mú nọ́ńbà méjì nínú 90. Mẹ́wàá péré nínú wọn ni ó ń jẹ ní fífà kọ̀ọ̀kan. 240 náírà lórí náírà kan ni wọ́n ń san fún méjì yìí, tí wọ́n ń pè ní tú-ṣọ̀. Nínú 100 náírà, nǹkan bí 60 ni ó ń padà wá. Tẹ́tẹ́ ọ̀mì, tí àwọn onímọ̀ ní kí a sá fún, kò gba ìdajì ohun tí tú-ṣọ̀ ń gbà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ nọ́ńbà lè gbà wúlò, ìyẹn bí ẹ̀rọ tàbí bọ́ọ̀lù bá ní àbùkù, tí ọ̀kan fúyẹ́ ju ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tí ń jáde lemọ́lemọ́ ni yóò máa ta, kì í ṣe èyí tí ó pẹ́.