Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síbẹ̀ ìjà orí owó kò kúrò lọ́rùn wọn: Ìtàn àwọn obìnrin Super Falcons àti wàhálà wọn pẹ̀lú Brazil

Bí èèyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré Oluyemi Kayode kọjá ní Ado-Ekiti nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àwọn ọmọbìnrin kan tí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n so okùn bàtà bọ́ọ̀lù wọn pọ̀, tí wọ́n sì fi kọ́ ọrùn. Àwọn kan á dúró wò wọ́n. Àwọn mìíràn á pòṣé, wọ́n á ní, "Ọmọ obìnrin tó yẹ kó wà nídìí odó, ta ni yóò fẹ́ irú èyí sílé?" Ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ ìdí odó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, agbára tí obìnrin Èkìtì fi ń gún iyán fún odidi ilé, ṣé agbára bọ́ọ̀lù jù ú lọ ni?

Orúkọ ọmọ Èkìtì ni wọ́n fi sọ pápá náà. Oluyemi Kayode kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, asáré ni. Ó wà lára àwọn tó gba fàdákà wá fún Nàìjíríà nínú eré ìje 4x100 mítà níbi Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, kí ìjàǹbá mọ́tò tó mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Lórí pápá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí ni Ekiti Queens, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ìpínlẹ̀ náà, ti ń gba àlejò nínú líìgì àgbà àwọn obìnrin. Ohun tí gbogbo ọmọ tó ń sá kiri níbẹ̀ ní lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n pe òun sí Super Falcons.

Àwọn tó ń pòṣé lẹ́bàá pápá, kí wọ́n má rò pé àwọn nìkan ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù wá bá wa, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù wọn fòfin de àwọn obìnrin lọ́dún 1921, wọ́n ní bọ́ọ̀lù kò yẹ fún obìnrin, wọn kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ títí tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1971. Brazil ńkọ́, orílẹ̀-èdè Pelé, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ọmọ ọwọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó rìn? Ìjọba Getúlio Vargas ló ṣe òfin lọ́dún 1941 pé obìnrin kò gbọdọ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò bá ìṣẹ̀dá wọn mu. Bọ́ọ̀lù ni òfin náà bá jù. Ọdún 1979 ni wọ́n tó wọ́gi lé e. Ọdún 38 gbáko! Obìnrin tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣòfin náà ti lè ní ọmọ-ọmọ kó tó di pé wọ́n yọ̀ǹda fún un.

Ní Nàìjíríà ní tiwa, ẹnu ayé ló ṣe iṣẹ́ òfin. Síbẹ̀, àwọn kan kò gbọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ti ń yọjú ní Èkó àti láwọn ìlú mìíràn: Sugar Babes, Jegede Babes, Ufuoma Babes ti Warri, Pelican Stars ti Calabar. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń sọ wọ́n ná. Babes! Bíi ìgbà tí wọ́n ń sọ pé eré ọmọge lásán ni, kò ní pẹ́ parí. Àwọn tó ní ẹgbẹ́ wọ̀nyí, àpò ara wọn ni wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀.

Ọdún 1991 ni eré di òótọ́. Nígbà yẹn, Ado-Ekiti ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, Akurẹ́ ni olú-ìlú, kò sí ohun tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Èkìtì títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996. FIFA ní òun fẹ́ ṣe Ìdíje Àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin ní Ṣáínà, ẹyọ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló sì máa ti ilẹ̀ adúláwọ̀ lọ. Nínú oṣù kejì ọdún náà, Nàìjíríà na Gáná ní 5-1. Wọ́n na Guinea, wọ́n na Kamẹrúùnù, ló bá di pé àwọn ló ń lọ Ṣáínà. Balógun wọn, Nkiru Okosieme, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn. "Headmistress" ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe pé ó ń kọ́ ọmọ níwèé o, orí ló máa ń fi kan góòlù wọlé. Òyìnbó ará Netherlands nì, Jo Bonfrere, ló kó wọn lọ, òun náà ló wá darí àwọn ọkùnrin gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996.

Ṣáínà kò dára fún wọn. Jámánì nà wọ́n ní 4-0, Ítálì nà wọ́n ní 1-0, Chinese Taipei nà wọ́n ní 2-0, bẹ́ẹ̀ eré kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí rèfírí fi lé aṣọ́lé Taipei jáde. Wọn kò gbá góòlù kan wọlé bó ti wù kó mọ. Ní Sweden lọ́dún 1995, Norway kó góòlù mẹ́jọ sílé wọn. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn mẹ́jọ yẹn ni wọ́n bá Kánádà gbá 3-3, Rita Nwadike ló sì fi bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tó jẹ́ góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú Ìdíje Àgbáyé àwọn obìnrin. England nà wọ́n ní 3-2, wọ́n padà sílé.

Ní 1998, ìdíje ilẹ̀ adúláwọ̀ wá sí Nàìjíríà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbá àṣekágbá rẹ̀, Gáná ni wọ́n sì nà ní 2-0. Láti ọjọ́ yẹn ni CAF ti ń ka ife-ẹ̀yẹ wọn, wọn kò ka ti 1991 àti 1995 mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ mẹ́wàá lónìí, tí àwọn mìíràn ń jiyàn pé méjìlá ni.

Ọdún tó tẹ̀lé e gan-an ni ọdún wọn. Ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999 ni, Niyi Adebayo ṣẹ̀ṣẹ̀ di gómìnà ní Ado-Ekiti, gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ òṣèlú, ni àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí bá dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Ismaila Mabo. Wọ́n na Àríwá Kòríà ní 2-1. Amẹ́ríkà wá fìyà jẹ wọ́n ní Chicago, 7-1. Ojú tì wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò sá, wọ́n lọ na Denmark ní 2-0. Bí wọ́n ṣe bọ́ sí ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nìyẹn, ẹgbẹ́ ilẹ̀ adúláwọ̀ kankan kò dé ibẹ̀ rí láàárín àwọn obìnrin. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Brazil.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1999 ni, ní Landover, lẹ́bàá Washington. Alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, òru ọ̀gànjọ́ ti kọjá ní Nàìjíríà. Ẹni tí NEPA bá ṣàánú fún nìkan ló lè rí i wò. Kí wọ́n tó gba ìsinmi, góòlù mẹ́ta ti wọlé: Cidinha gbá méjì, Nenê gbá ẹyọ kan. 3-0. Ẹni tó bá lọ sùn nígbà yẹn, èèyàn kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sùn pàdánù! Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gọ́ta, Prisca Emeafu dá ẹyọ kan padà. Headmistress, Okosieme, fi ìkejì sí i. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré parí, Nkechi Egbe gbá ìkẹta wọlé. 3-3! Àwọn òyìnbó tó wà ní pápá tí wọn kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn ti ń dìde.

Òfin tí wọ́n ń lò nígbà náà ni pé bí wọ́n bá fi àkókò kún un, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù ti borí, kò sí pé à ń padà gbá a mọ́. Sissi, obìnrin Brazil tó ti gé irun rẹ̀ kodoro, ló gbá tirẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gọ́rùn-ún. Ó parí. 4-3. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wó lulẹ̀ sórí koríko. Láti ọjọ́ náà títí di òní, Super Falcons kò tíì dé ìpele yẹn mọ́ nínú Ìdíje Àgbáyé. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí orúkọ Brazil fi ń dun àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀?

Brazil kò sì jẹ́ kí egbò náà jinná. Ní Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, kí Cristiane tó gbá mẹ́ta sí wọn, 3-1. Ní Paris lọ́dún 2024, wọ́n tún pàdé ní Bordeaux, Brazil nà wọ́n ní 1-0.

Ní ilẹ̀ adúláwọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ 2000 ní South Africa, níbi tí àwọn olùwòran ti bínú ju nǹkan sórí pápá títí rèfírí fi dá eré dúró. Wọ́n gba ti 2002, 2004, 2006, 2010, 2014, 2016 àti 2018. Equatorial Guinea ló já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 2008 àti 2012. Perpetua Nkwocha gbá góòlù mẹ́rin nínú àṣekágbá 2004, ó di ìràwọ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú tí àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lákọ̀ọ́kọ́, gba oyè náà lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì bá Barcelona gba ife ilẹ̀ Yúróòpù.

Owó wá ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn o. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ife 2004 tán ní South Africa, inú hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ní àwọn kò ní wọ bàálù àfi tí wọ́n bá san owó àwọn. Ọdún 12 kọjá, ó tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba ife ní Yaoundé lọ́dún 2016, Florence Omagbemi tó ti gba á rí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ló tún gba á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà tí wọ́n dé Abuja, kò sówó. Wọ́n há ara wọn mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó sú wọn, wọ́n tò lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, lọ́jọ́ tí Ààrẹ Buhari ń ka ètò ìṣúná níbẹ̀. Mínísítà eré ìdárayá ìgbà náà, Solomon Dalung, wá sọ fáwọn oníròyìn pé kò kúkú sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n máa borí. Wọ́n ti gba á lẹ́ẹ̀meje ṣáájú o! Ní Faransé lọ́dún 2019, lẹ́yìn tí Jámánì lé wọn jáde, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé owó náà kò sí níbi kankan. Ní Ìdíje Àgbáyé 2023, FIFA kéde iye tó yẹ kó dé ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ̀rún 60 dọ́là fún ẹni tó bá dé ìpele ẹgbẹ́ 16. Nàìjíríà dé ibẹ̀. Wọ́n na Australia tó gba àlejò ní 3-2, wọ́n bá England gbá òdo sí òdo, pẹnáritì ló gbé England lọ. Brazil tí wọ́n fi òfin de obìnrin fún ọdún 38 kéde lọ́dún 2020 pé iye alawánsì tí wọ́n ń fún ọkùnrin lójúmọ́ ni wọn yóò máa fún obìnrin.

Ní Sátidé ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, àwọn ọmọ Justine Madugu bá Mòrókò ní Rabat, lójú àwọn èèyàn Mòrókò. Kí ìsinmi tó dé, 2-0 ti wọlé. Àwọn tó ń wò ó nílé àti nílé ìworan ti ń káwọ́ lérí. Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, Folashade Ijamilusi dọ́gba rẹ̀, Jennifer Echegini sì fi ìkẹta sí i nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì. Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin tó jẹ́ balógun wọn, ni wọ́n sì fún ní oyè ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù nínú ìdíje náà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, Brazil bá Colombia gbá 4-4 ní Quito nínú àṣekágbá South America, Marta tó ti pé ọmọ ọdún 39 ló gbá èyí tó yọ wọ́n wọlé, wọ́n wá fi pẹnáritì borí.

Ààrẹ Tinubu gbà wọ́n lálejò ní Abuja, ó ṣèlérí iye náírà tó tó ẹgbẹ̀rún 100 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé oníyàrá mẹ́ta, àti oyè OON. Àwọn gómìnà fi mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé e fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ilé ọlọ́jà títí dé ilé olùkọ́, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn.

Brazil ni FIFA gbé Ìdíje Àgbáyé 2027 fún, oṣù kẹfà ọdún náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ní Ado-Ekiti, àwọn ọmọbìnrin ṣì ń fi bàtà kọ́ ọrùn lọ sí pápá. Àwọn tó ń pòṣé lẹ́bàá ọ̀nà kò tíì tán, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sún mọ́ ọmọ náà, á rẹ ohùn sílẹ̀, á bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló gan-an ni wọ́n ń san fún yín?"