Ta Ló Sọ Sahel Di Gbígbẹ, Ta Ló Mú Un Rúwé?

Nkwelle Ezunaka lẹ́bàá Onitsha kò mọ ọ̀dá; òjò agbègbè yẹn pọ̀ débi pé àgbàrá ni wọ́n ń bá jà. Síbẹ̀, òkè Ọya ni púpọ̀ nínú màlúù àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń jẹ ti ń wá, nítòsí Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara. Láti 1968 ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní Sahel yìí, ọ̀dá sì tún le gan-an ní 1983 àti 1984. Igi kú, ẹran kú, ènìyàn kú, darandaran àti àgbẹ̀ ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní 1975, Jule Charney, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bí ẹran bá jẹ koríko tán, iyanrìn funfun á máa ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, afẹ́fẹ́ á máa sọ̀ kalẹ̀ dípò kó gòkè di òjò. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó gbé gbogbo ẹ̀bi náà. Ní 2003, onímọ̀ ojú ọjọ́ Alessandra Giannini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣèṣirò láti inú ooru ojú òkun, ìṣirò náà sì bá ìtàn ọ̀dá yìí mu. Òkun jìnnà, àgbẹ̀ ló wà nítòsí, òun ni wọ́n rí mú. Nígbà tí òjò padà, sátẹ́láìtì rí i pé ewé tún ń hù káàkiri.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé: bó bá jẹ́ pé òjò ló fa gbogbo rẹ̀, kí ni ọwọ́ ènìyàn fẹ́ ṣe? Ẹ wo ààlà wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Niger. Òjò Maradi àti Zinder kò pọ̀ ju ti Katsina lọ, síbẹ̀ igi oko wọn pọ̀ ju tiwa lọ. Láti 1983 ni Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, àtàwọn àgbẹ̀ Maradi ti ń dáàbò bo ọ̀mùnú tó ń yọ lára kùkùté, dípò kí wọ́n gbin igi tuntun. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, irú oko bẹ́ẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Òfin kó ipa ńlá níbẹ̀. Láti ayé ìjọba Faransé ní Niger, ìjọba ló ni igi, ẹni tó bá gé e ń sanwó ìtanràn, àgbẹ̀ ò sì rídìí tó fi yẹ kó tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ òfin dẹ̀ ni gawo, igi tó ń wọ́wé lásìkò òjò tí kì í ṣíji bo ọkà, wá dọ̀rẹ́ àgbẹ̀.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ewé tútù ló ń bọ́ ẹran. Ewéko Sida cordifolia ti bo ọ̀pọ̀ pápá ní Niger, màlúù kì í sì í fẹ́ jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sátẹ́láìtì ń kà á mọ́ ewé. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé, nínú iṣẹ́ igi gbígbìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2007 láti la Sahel já, kí Nàìjíríà kọ́kọ́ náwó lórí àwọn kùkùté tó wà láàyè lóko Katsina àti Sókótó, kó sì kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tó tọ́jú wọn ló ni wọ́n.