Bí Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Rin Gbágùúdá Bá Kọ̀ Láti Ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré rin gbágùúdá, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbágùúdá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ìyá ti bó tiwọn kalẹ̀, owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fẹ́ ṣòfò. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń sáré pe mẹkáníìkì, tí òun náà yóò sì sáré tú pọ́ǹpù. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti tú pọ́ǹpù palẹ̀, tí wọ́n sì sanwó rẹ̀, tó jẹ́ pé omi ló wà nínú táǹkì.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ ló ń gbóná tí epo fi ń gbiná, ṣùgbọ́n epo náà gbọ́dọ̀ fi agbára tú jáde lẹ́nu nọ́súlù bí ìrì. Pọ́ǹpù ló ń fún un ní agbára yẹn. Afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, epo kò ṣe é fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wà nínú páìpù, òun ni pọ́ǹpù yóò máa tẹ̀ bí ẹni ń tẹ bọ́ọ̀lù, epo kò sì ní tú jáde. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní “ó ti fa éà”.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ yí ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa wo ẹnu sàlẹ́ńsà. Bí èéfín funfun bá ń jáde, epo ń dé inú, kò kàn gbiná ni. Mẹkáníìkì ni kí ẹ bá sọ ọ́. Bí èéfín kankan kò bá jáde, epo kò dé ibẹ̀, ẹ lè fúnra yín wá ìdí rẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá ẹ ti ṣí ẹnu táǹkì sísàlẹ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣẹlẹ̀.) Ẹ wo ihò kékeré tó wà lára ìdérí táǹkì, bí eruku bá dí i, ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó sì kú. Ẹ bu epo láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Bí ẹ bá rí i, ẹ da ìsàlẹ̀ táǹkì nù, kí ẹ sì pààrọ̀ fíltà. Fíltà oníbébà kò ṣe é fọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí fíltà. Epo yóò máa hó jáde. Ẹ má dí i títí epo yóò fi máa ṣàn láìsí ìhó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ara pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù tó so mọ́ nọ́súlù, kí ẹ máa yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí epo yóò fi jáde níbẹ̀, kí ẹ sì dí i pa. Bí ẹ bá tún yí i, ẹ ó gbọ́ kí nọ́súlù máa dún kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́. Ìró yẹn ni à ń wá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọwọ́ síwájú nọ́súlù láti fi wò ó bóyá ó ń tú epo. Agbára rẹ̀ ju ìlọ́po 50 ti afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré lọ; yóò gún awọ ara wọlé. Bí ojú ibẹ̀ tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì ta pẹtiróòlù sí ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́.

Bí ó bá ṣiṣẹ́ lónìí tó tún kọ̀ lọ́la, afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé níbì kan. Ẹ wá ibi tó tutù tí eruku lẹ̀ mọ́ lára páìpù. Ó lè jẹ́ wáṣà ló ti jẹ. Bí epo kò bá sì jáde lẹ́nu páìpù nọ́súlù lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbà náà ni ó tó láti sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù, kí ẹ sì dúró ti mẹkáníìkì bí ó ti ń tú u.